Wilhelm von Humboldt

Wilhelm von Humboldt (ọjọ́ 22 Oṣù Kẹfà ọdún 1767 – ọjọ́ 8 Oṣù Kẹrin ọdún 1835) jẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, onímọ̀ ọgbọ́n orí àti òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Prọ́ṣíà, ìjọba ọba kan tí ó wà ní apá àríwá ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Jámánì lónìí. Òun ni ó darí ètò tí wọ́n fi dá Yunifásítì Berlin sílẹ̀ ní ọdún 1810. Ó tún jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe àfiwé àwọn èdè ayé ní ọ̀nà tí ó létò. Òun ni ẹ̀gbọ́n Alexander von Humboldt, arìnrìn-àjò àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ayé.

Àwọn ènìyàn kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó ń mú kí yunifásítì kan borí òmíràn kí orúkọ Humboldt má jẹ yọ. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó kọ ìwé kan láti fi hàn pé kò yẹ kí ìjọba máa dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ni ìjọba gbé ètò ẹ̀kọ́ gbogbo ilẹ̀ Prọ́ṣíà lé lọ́wọ́. Ọ̀nà tí ó gbà láti mú èrò àkọ́kọ́ bá iṣẹ́ kejì mu, àti ibi tí kò ti rí i ṣe, ní ipa lórí bí àwọn yunifásítì Jámánì ṣe bá ara wọn díje fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Ìbí àti ìgbà èwe

Wọ́n bí Humboldt ní ìlú Potsdam, tí kò jìnnà sí Berlin. Bàbá rẹ̀, Alexander Georg von Humboldt, ti jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun Prọ́ṣíà kí ó tó lọ ṣiṣẹ́ ní ààfin. Ìyá rẹ̀, Marie-Elisabeth Colomb, wá láti inú ìdílé ọlọ́rọ̀. Àwọn baba ńlá ìyá náà jẹ́ Pùròtẹ́sítáńtì tí wọ́n sá kúrò ní ilẹ̀ Faransé nítorí inúnibíni ẹ̀sìn. Ìdílé náà ní ilé ńlá kan ní Tegel, níbi tí àwọn ọmọkùnrin méjèèjì ti dàgbà. Bàbá wọn kú ní ọdún 1779, nígbà tí Wilhelm jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Wilhelm àti Alexander kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìta rárá ní ìgbà èwe wọn. Àwọn olùkọ́ ni ó ń wá kọ́ wọn nílé. Joachim Heinrich Campe kọ́ wọn fún ìgbà díẹ̀, Gottlob Johann Christian Kunth sì ṣe alábòójútó ẹ̀kọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n di ọ̀dọ́, wọ́n a máa lọ sí ilé oníṣègùn Marcus Herz àti ìyàwó rẹ̀ Henriette ní Berlin. Júù ni tọkọtaya yìí, ilé wọn sì jẹ́ ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti máa ń pàdé láti jíròrò. Ibẹ̀ ni Humboldt ti kọ́kọ́ rí i pé ìmọ̀ lè gbilẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn tí wọ́n kóra jọ fúnra wọn, láìsí àṣẹ ọba.

Yunifásítì méjì àti ìdíje àwọn ọba

Ní ọdún 1787, Humboldt wọ Yunifásítì Frankfurt tí ó wà létí odò Oder, ṣùgbọ́n kò lò ju sáà ẹ̀kọ́ kan lọ níbẹ̀. Ní ọdún 1788 ó kọjá sí Göttingen. Níbẹ̀ ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Christian Gottlob Heyne, onímọ̀ èdè àti àṣà àwọn Gíríìkì àtijọ́, àti Georg Christoph Lichtenberg, onímọ̀ físíìsì. Göttingen ní òkìkí jákèjádò ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà, Frankfurt kò sì ní irú rẹ̀. Èrò nípa ìṣèlú àti ọrọ̀ ajé wà lára ohun tí ó fa ìyàtọ̀ yìí.

Ní ìgbà náà, kò tíì sí orílẹ̀-èdè kan tí ń jẹ́ Jámánì. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìjọba, ńlá àti kékeré, ni ó wà lábẹ́ Ilẹ̀ Ọba Róòmù Mímọ́. Alákòóso tí ó bá lágbára díẹ̀ a fẹ́ ní yunifásítì tirẹ̀, kí ó lè rí pásítọ̀, adájọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé tí ó gbilẹ̀ láàárín wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní Kameralismus. Ẹ̀kọ́ yìí sọ pé ọrọ̀ ọba wà nínú iye ènìyàn tí ń gbé ilẹ̀ rẹ̀ àti nínú owó tí kò jáde kúrò níbẹ̀. Lójú àwọn tí ó gbà á gbọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lọ kàwé ní ilẹ̀ ọba mìíràn ti kó owó ìlú jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti òkèèrè wá, ní tirẹ̀, jẹ́ èrè fún onílé, olóúnjẹ, aránṣọ àti òǹtàwé. Nítorí náà, oríṣiríṣi ìjọba fi òfin dè é pé kí ọmọ ilẹ̀ wọn má lọ kàwé níbòmíràn.

Prọ́ṣíà dá Yunifásítì Halle sílẹ̀ ní ọdún 1694. Hanover, ìjọba tí ó wà ní ìtòsí rẹ̀, kò fẹ́ kí Halle máa dá jẹ èrè yìí. Ó dá Göttingen sílẹ̀, ó sì ṣí i ní ọdún 1737. Gerlach Adolph von Münchhausen, mínísítà tí ó ṣe ètò náà, fi owó oṣù tí ó jọjú fa àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n olókìkí wá. Ó gba agbára lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn láti máa dá àwọn olùkọ́ yòókù lẹ́bi nítorí ohun tí wọ́n ń kọ́ni. Ó kó ìwé jọ sí yàrá ìkàwé ńlá kan, ó sì pèsè ẹ̀kọ́ ẹṣin gígùn àti ijó fún àwọn ọmọ ọlọ́lá tí ó lówó lọ́wọ́. Òmìnira tí ó fún àwọn olùkọ́ yìí jẹ́ ọgbọ́n ọjà pẹ̀lú, torí ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò bẹ̀rù ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá gbọ́.

Ìwé nípa ààlà agbára ìjọba

Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1789, Humboldt àti Campe, olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́, dé Paris ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú ti gba ọgbà ẹ̀wọ̀n Bastille. Ní ọdún 1790 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ẹjọ́ ní Berlin, ṣùgbọ́n ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún kejì. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 1791 ó fẹ́ Caroline von Dacheröden, obìnrin tí ó mọ̀wé tí ó sì lẹ́nu nínú gbogbo ìpinnu rẹ̀. Ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n bí. Tọkọtaya náà lọ ń gbé lórí ilẹ̀ àwọn òbí Caroline, Humboldt sì gbájú mọ́ ìwé.

Ní ọdún 1792 ó kọ ìwé kan lórí ibi tí ó yẹ kí agbára ìjọba dé dúró. Èrò inú rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ìjọba kò ju kí ó dáàbò bo àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ọ̀tá ìta àti lọ́wọ́ ara wọn. Bí ìjọba bá kọjá ibẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìgbádùn, ẹ̀sìn tàbí ẹ̀kọ́ fún wọn, yóò sọ gbogbo wọn di bákan náà, agbára tí ó wà nínú olúkúlùkù yóò sì rọ. Humboldt gbà pé ohun tí a bí ènìyàn fún ni kí ó mú gbogbo ẹ̀bùn inú rẹ̀ dàgbà ní ìbámu pẹ̀lú ara wọn, èyí tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Bildung. Ohun méjì ni ó sì ń mú irú ìdàgbàsókè bẹ́ẹ̀ wá: òmìnira, àti ipò ayé tí ó yàtọ̀ síra. Ẹ̀kọ́ yìí tako Kameralismus, tí ó ka ènìyàn sí ohun ìní inú àpò ọba.

Àwọn aṣàyẹ̀wò ìwé ní Berlin kò rọrùn, nítorí náà apá kan ìwé náà nìkan ni ó jáde nínú àwọn ìwé ìròyìn ní ọdún 1792. Odindi rẹ̀ kò jáde títí di ọdún 1851, ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé. John Stuart Mill, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé rẹ̀ lórí òmìnira, tí ó jáde ní ọdún 1859, karí èrò Humboldt ní apá púpọ̀.

Jena, Paris àti Róòmù

Ní ọdún 1794 Humboldt kó lọ sí Jena, níbi tí òun àti akéwì Friedrich Schiller ti di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ó tún mọ Johann Wolfgang von Goethe tí ń gbé Weimar nítòsí. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1796, ogún tí ó fi sílẹ̀ sì tó láti jẹ́ kí ó máa rìnrìn-àjò. Láti ọdún 1797 títí di 1801, Paris ni ó fi ṣe ibùjókòó. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí ilẹ̀ Spéìn àti ilẹ̀ àwọn Basque. Èdè Basque, tí kò bá èdè kankan ní àyíká rẹ̀ tan, ni ó sọ ọ́ di onímọ̀ ẹ̀dá-èdè.

Ní ọdún 1802 ìjọba Prọ́ṣíà yàn án ní aṣojú sọ́dọ̀ Póòpù ní Róòmù. Ó wà níbẹ̀ títí di ọdún 1808. Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí àjálù bá ilẹ̀ rẹ̀.

Ìṣubú Prọ́ṣíà

Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹwàá ọdún 1806, àwọn ọmọ ogun Napoleon ṣẹ́gun Prọ́ṣíà ní Jena àti Auerstedt. Ní oṣù kan náà, Napoleon ti Yunifásítì Halle pa. Nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Tilsit ní ọdún 1807, Prọ́ṣíà pàdánù nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ rẹ̀. Halle wà lára ilẹ̀ tí ó lọ. Ìjọba náà tún ní láti san owó ìtánràn ogun tí ó wúwo fún ilẹ̀ Faransé. Àwọn yunifásítì tí ó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, Frankfurt létí Oder àti Königsberg, kò ní irú òkìkí tí Halle ní.

Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1807, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Halle kan lọ bá Ọba Friedrich Wilhelm Kẹta ní Memel, níbi tí ó sá sí. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé yunifásítì wọn lọ sí Berlin. Ọba gbà sí wọn lẹ́nu. Ìtàn sọ pé ó ní ó di dandan kí ìjọba fi agbára ọpọlọ dí àlàfo agbára ara tí ó ti sọnù. Onímọ̀ ọgbọ́n orí Johann Gottlieb Fichte àti onímọ̀ ẹ̀sìn Friedrich Schleiermacher kọ àbá lórí irú ilé-ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí owó, kò sì sí ẹni tí yóò mú àbá di iṣẹ́.

Iṣẹ́ ní ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́

Ní Oṣù Kejì ọdún 1809, wọ́n fi Humboldt ṣe olórí ẹ̀ka ìsìn àti ẹ̀kọ́ nínú ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Kò kọ́kọ́ fẹ́ gba iṣẹ́ náà, nítorí ó wù ú láti padà sí Róòmù. Nǹkan bí oṣù mẹ́rìndínlógún péré ni ó fi ṣe é. Láàárín àkókò yìí ó ṣe ìpìlẹ̀ àtúntò ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì ṣètò ìdánwò tí ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́ olùkọ́ girama yóò máa yege nínú rẹ̀.

Yunifásítì Berlin ni ó gba ọkàn rẹ̀ jù lọ. Ó gbà pé ìmọ̀ jẹ́ ohun tí a kò tíì rí tán, tí a kò sì lè rí tán láé. Nítorí náà, ọ̀jọ̀gbọ́n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ń ka ìwé àtijọ́ sókè fún akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ jọ máa ṣe ìwádìí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ìjọba kan tí kò parí pé kí ìjọba máa rántí nígbà gbogbo pé ìdíwọ́ ni òun máa ń jẹ́ nígbàkúùgbà tí ó bá tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀. Ohun tí ó tọ́ sí i ni kí ó pèsè owó, kí ó yan àwọn ènìyàn tí ó yẹ, kí ó sì fi wọ́n sílẹ̀.

Ní ti yíyan ènìyàn, Humboldt kò fi agbára lé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé ìlara àti ẹbí ti ba ọ̀pọ̀ yunifásítì àtijọ́ jẹ́, níbi tí ipò ti ń lọ láti ọwọ́ bàbá sí ọwọ́ ọmọ tàbí àna. Ó ní kí ìjọba ni yóò máa yan ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ní ti owó, ó fẹ́ kí yunifásítì bọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ó kọ sí ọba ní Oṣù Keje ọdún 1809, ó bèèrè pé kí wọ́n yọ lára ilẹ̀ oko ọba, kí wọ́n sì fún yunifásítì àti àwọn ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé tí ó so mọ́ ọn. Owó tí ń wọlé láti orí ilẹ̀ náà yóò máa tó tálérì 150,000 lọ́dún. Bí ọba bá yí ọkàn padà lọ́la, tàbí bí ọ̀tá bá tún kó owó ìṣúra lọ, yunifásítì yóò ní ohun tirẹ̀. Humboldt mọ̀ pé ọwọ́ tí ń fúnni ni ó máa ń wà lókè.

Ọba fọwọ́ sí dídá yunifásítì náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 16 Oṣù Kẹjọ ọdún 1809. Ó fi ààfin Ọmọ Ọba Heinrich, tí ó wà ní òpópónà Unter den Linden, ta á lọ́rẹ. Humboldt bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé sí àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri ilẹ̀ Jámánì. Lára àwọn tí ó wá ni Friedrich Carl von Savigny, onímọ̀ òfin tí ń kọ́ni ní Landshut ní ìjọba Bavaria, àti oníṣègùn Johann Christian Reil láti Halle. Ìdúnàádúrà yìí kò rọrùn. Nínú lẹ́tà tí ó kọ sí ìyàwó rẹ̀, ó ṣàròyé pé dídarí àwọn ọ̀mọ̀wé kò sàn ju dídarí ẹgbẹ́ òṣèré lọ.

Humboldt kò dúró wo òpin iṣẹ́ náà. Ó fẹ́ kí àwọn olórí ẹ̀ka ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn mínísítà, kí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ má baà máa gba abẹ́ ẹlòmíràn dé ọ̀dọ̀ ọba. Wọn kò gbà fún un. Ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Oṣù Kẹrin ọdún 1810, ó sì lọ ní Oṣù Kẹfà. Yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Oṣù Kẹwàá ọdún náà pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 256 àti olùkọ́ 52. Friedrich von Schuckmann tí ó gba ipò rẹ̀ kò tẹ̀ lé ètò ilẹ̀ oko. Láti inú ìṣúra ìjọba ni owó yunifásítì ń wá lọ́dọọdún, bí ó sì ṣe wà nìyẹn.

Ìdíje lẹ́yìn ọdún 1810

Láàárín ìparí ọ̀rúndún 18 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, ọ̀pọ̀ yunifásítì Jámánì kógbá sílé nítorí ogun àti àìsí akẹ́kọ̀ọ́. Lára wọn ni Mainz, Altdorf, Helmstedt, Rinteln àti Erfurt. Àwọn tí ó kù, àti àwọn tuntun, bẹ̀rẹ̀ ìdíje irú mìíràn. Ní ọdún 1810, Prọ́ṣíà mú òfin tí ó ní kí ọmọ ilẹ̀ má kàwé lókèèrè kúrò, gẹ́gẹ́ bí Humboldt ti fẹ́. Ó gbé yunifásítì Frankfurt lọ sí Breslau ní ọdún 1811, ó sì dá Bonn sílẹ̀ ní ọdún 1818. Bavaria náà gbé yunifásítì rẹ̀ kúrò ní Landshut wá sí Munich, olú-ìlú rẹ̀, ní ọdún 1826.

Ọ̀dọ́ ọ̀mọ̀wé a máa bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tí kò ní owó oṣù, tí ó ń jẹun láti inú owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san láti gbọ́ ọ. Bí ìwádìí rẹ̀ bá gbayì, ìjọba mìíràn a pè é sí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n. Nígbà náà ni ìjọba tirẹ̀ yóò yàn bóyá kí ó fi kún owó rẹ̀, kí ó kọ́ ilé ìwádìí fún un, tàbí kí ó jẹ́ kí ó lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú lè ti yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn. Báyìí ni ìwádìí tuntun ṣe di ohun tí àwọn ìjọba fi ń gbéraga sí ara wọn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ní ilẹ̀ Faransé, Napoleon kó gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba sábẹ́ àṣẹ kan ṣoṣo tí ó wà ní Paris, nítorí pé èrò rẹ̀ ni kí ẹ̀kọ́ mú gbogbo ènìyàn ronú bákan náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Oxford àti Cambridge nìkan ni yunifásítì tí ó wà títí di ìgbà tí èyí tí ó wà ní London ṣí ní ọdún 1828, ọmọ ìjọ Áńgílíkà nìkan sì ni àwọn méjèèjì ń fún ní oyè. Àwọn ọ̀mọ̀wé wà ní ilẹ̀ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ibi tí ẹni tí wọ́n bá lé lè sá lọ kò pọ̀.

Ìdíje ti Jámánì náà ní ògiri tirẹ̀. Òfin ọdún 1812 fún àwọn Júù ní ẹ̀tọ́ ọmọ ilẹ̀ ní Prọ́ṣíà, ohun tí Humboldt ti kọ̀wé láti ṣe àtìlẹ́yìn fún ní ọdún 1809. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1822 ìjọba tún ti ipò olùkọ́ yunifásítì mọ́ wọn. Onímọ̀ òfin Eduard Gans ní láti ṣe ìrìbọmi kí ó tó lè di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berlin. Àwọn obìnrin kò ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ ní kíkún ní àwọn yunifásítì Prọ́ṣíà títí di ọdún 1908.

Òfin Karlsbad àti ìyọkúrò nípò

Lẹ́yìn tí ó fi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ sílẹ̀, Humboldt lọ ṣe aṣojú Prọ́ṣíà ní Vienna. Ó wà lára àwọn tí ó ṣojú ìjọba rẹ̀ ní ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe ní ìlú náà ní ọdún 1814 àti 1815 lẹ́yìn ìṣubú Napoleon. Ní ọdún 1817 wọ́n rán an lọ sí London, ní ọdún 1819 ó sì di mínísítà.

Ní Oṣù Kẹta ọdún 1819, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Karl Sand gún òǹkọ̀wé August von Kotzebue pa. Metternich, mínísítà ilẹ̀ Ọ́stríà, fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ṣe ìdí láti gbógun ti àwọn yunifásítì. Ní Oṣù Kẹsàn-án, àwọn ìjọba Jámánì fọwọ́ sí òfin tí a ń pè ní òfin Karlsbad. Òfin náà yan alábòójútó ìjọba sí yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Ó sì tún sọ pé ọ̀jọ̀gbọ́n tí ìjọba kan bá lé nítorí èrò rẹ̀, ìjọba mìíràn nínú ìparapọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ gbà á síṣẹ́.

Apá yìí ni ó kan gbòǹgbò ìdíje náà. Òmìnira ọ̀jọ̀gbọ́n kò tíì fìgbà kan wà nínú ìwé òfin tí ó lágbára. Ohun tí ó dáàbò bò ó ni pé ọba tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè gbà á. Nígbà tí àwọn ọba bá fohùn ṣọ̀kan, ilẹ̀kùn ti tì. Berlin gan-an ni ó kọ́kọ́ fi hàn. Onímọ̀ ẹ̀sìn Wilhelm de Wette kọ lẹ́tà ìtùnú sí ìyá Karl Sand, wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Basel ní ilẹ̀ Switzerland, tí ó wà lẹ́yìn odi òfin náà, ni ó ti rí iṣẹ́ ní ọdún 1822.

Humboldt tako òfin Karlsbad nínú ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà. Kò borí. Ní ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá ọdún 1819, ọba yọ ọ́ kúrò nípò.

Iṣẹ́ lórí ẹ̀dá-èdè àti ikú rẹ̀

Humboldt padà sí Tegel. Láàárín ọdún 1820 sí 1824, ayàwòrán-ilé Karl Friedrich Schinkel tún ilé ìdílé náà kọ́ fún un. Èdè ni ó fi ìyókù ayé rẹ̀ kọ́. Ó kẹ́kọ̀ọ́ Sanskrit, ó ṣe àkójọ ìmọ̀ nípa èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì ṣe ìwádìí àwọn èdè erékùṣù tí ó wà láàárín Màdágásíkà àti Òkun Pàsífíìkì. Iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ lára wọn jẹ́ lórí Kawi, èdè ewì àtijọ́ ti erékùṣù Java. Ó kọ́ni pé èdè kì í ṣe ohun tí ó ti parí, bí kò ṣe iṣẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà gbogbo, àti pé ọ̀nà tí èdè kọ̀ọ̀kan gbà wo ayé yàtọ̀. Èrò yìí bá ti ìgbà èwe rẹ̀ mu, pé inú ìyàtọ̀ ni ọ̀pọ̀ agbára ẹ̀dá wà.

Caroline kú ní ọdún 1829. Humboldt kú ní Tegel ní ọjọ́ 8 Oṣù Kẹrin ọdún 1835, wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Alexander, àbúrò rẹ̀, ni ó rí sí títẹ̀ ìwé lórí èdè Kawi, tí ó jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́ta láàárín ọdún 1836 sí 1839.

Ipa rẹ̀ lẹ́yìn ikú

Ọdún méjì lẹ́yìn ikú Humboldt, ọba tuntun ti Hanover fagi lé ìwé òfin ìjọba rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n méje ní Göttingen kọ̀wé láti kọ̀ ọ́, ó sì lé gbogbo wọn. Jacob àti Wilhelm Grimm, àwọn onímọ̀ èdè àti akójọ-àlọ́, wà lára wọn. Òfin Karlsbad ṣì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ láti ní àwọn ọ̀mọ̀wé olókìkí borí rẹ̀. Heinrich Ewald rí iṣẹ́ ní Tübingen, onímọ̀ físíìsì Wilhelm Weber ní Leipzig, ọba tuntun ti Prọ́ṣíà sì pe àwọn Grimm wá sí Berlin. Göttingen, tí ó fi òmìnira fa ènìyàn mọ́ra ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú, pàdánù wọn nítorí àìsí òmìnira.

Lẹ́yìn tí Jámánì di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ní ọdún 1871, agbára ìjọba lórí ìdíje yìí tún pọ̀ sí i. Láti ọdún 1882 títí di 1907, Friedrich Althoff, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ní Prọ́ṣíà, ni ó ń ṣe ìdúnàádúrà pẹ̀lú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, nígbà mìíràn láìka ìfẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sí. Ó kọ́ ilé ìwádìí púpọ̀, ó sì mú kí òkìkí àwọn yunifásítì náà ga. Ó tún fi ohun tí Humboldt bẹ̀rù hàn, pé ẹni tí ó di owó mú ni ó di ìpinnu mú.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Amẹ́ríkà lọ kàwé ní Jámánì ní ọ̀rúndún 19. W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀ tí ó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, wà ní Berlin láti ọdún 1892 sí 1894. Yunifásítì Johns Hopkins, tí ó ṣí ní Baltimore ní ọdún 1876, gbé ìwádìí sí ipò iwájú bí ti Jámánì, ṣùgbọ́n ó ní owó ìpìlẹ̀ tirẹ̀ tí oníṣòwò kan fi sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún. Ohun tí ó jọ ilẹ̀ oko tí Humboldt bèèrè nìyí. Kò wà láìléwu náà, nítorí ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni púpọ̀ nínú owó náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà kò san èrè mọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1880, ìnira bá yunifásítì náà.

Ìwé ìjọba tí Humboldt kò parí wà nínú àpótí títí di ìparí ọ̀rúndún 19, nígbà tí òpìtàn Bruno Gebhardt rí i. Nítorí náà, àwọn òpìtàn kan sọ pé àwọn ènìyàn ọ̀rúndún 20 ni ó sọ orúkọ Humboldt di àmì fún irú yunifásítì kan, àti pé ìdíje àwọn ìjọba ní ipa tí ó ju ti ènìyàn kan ṣoṣo lọ. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, yunifásítì náà bọ́ sí apá Berlin tí ó wà lábẹ́ àwọn ará Soviet. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tí kò fara mọ́ àṣẹ àwọn Kọ́múnísítì dá Yunifásítì Òmìnira sílẹ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà ní ọdún 1948. Ní ọdún 1949, èyí tí ó wà ní apá ìlà-oòrùn gba orúkọ àwọn ọmọ Humboldt méjèèjì. Àwọn méjèèjì ni ó ka ara wọn sí arólé Wilhelm.

Láti ọdún 2005, ìjọba àpapọ̀ Jámánì àti àwọn ìpínlẹ̀ rẹ̀ ti ń ṣètò ìdíje kan nínú èyí tí àwọn yunifásítì ti ń kọ àbá láti gba owó ìwádìí àrà ọ̀tọ̀. Yunifásítì Humboldt wà lára àwọn tí wọ́n yàn ní ọdún 2012. Ààfin Ọmọ Ọba Heinrich ṣì ni ilé ńlá rẹ̀ lónìí, ère Wilhelm àti ti Alexander sì wà ní iwájú rẹ̀ ní Unter den Linden. Ìjọba ni ó ṣì ń san púpọ̀ nínú owó tí ó ń ná.